Kí ẹ tó kọ ìtàn ìjọ yín: ohun tójú mi rí nínú ìjọ Lutheran wa ní New Jersey

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tẹ́ ẹ bá ara yín nínú ìjọ tí kì í ṣe irú ti ilé, tí wọ́n wá ní kẹ́ ẹ wà nínú kọ́mítì tó máa kọ ìtàn ìjọ fún ayẹyẹ, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Wọ́n fi mí sí irú kọ́mítì bẹ́ẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ fọ́tò àti déètì lásán ni, àmọ́ nígbà tá a fi máa parí ẹ̀, àwọn kan ti fi ìjọ sílẹ̀, àwọn kan ò kí ara wọn mọ́, èmi gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ṣọ́ọ̀ṣì tì. Síbẹ̀ mo ṣì wà níbẹ̀ dòní, mo sì fẹ́ràn ìjọ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tá a fi ìyà kọ́ ni mo fẹ́ sọ, bóyá ó lè rọ ẹlòmíì lọ́rùn.

Ọmọ Áńgílíkà ni mí láti Abẹ́òkúta. Kò sẹ́nì kankan nínú ẹbí wa tó mọ ohun tó ń jẹ́ Lutheran, torí CMS, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi ló dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá ńlá wa. Ibòmíì làwọn Lutheran gbà wọ Nàìjíríà: àwọn ará Denmark dé Numan ní Adamawa lọ́dún 1913, ibẹ̀ ni ìjọ Lutheran tí wọ́n ń pè ní LCCN (Lutheran Church of Christ in Nigeria) ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ti Amẹ́ríkà sì dé Ibesikpo lápá Akwa Ibom lọ́dún 1936. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí tó ní irú ṣọ́ọ̀ṣì wo lò ń lọ níbẹ̀ yẹn, ṣé wọn ò ní ṣì ẹ́ lọ́nà, mo sọ fún un pé ọmọ Nàìjíríà ni, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Musa Filibus ti LCCN, ló ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ìjọ Lutheran lágbàáyé láti 2017 sí 2023. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Bí mo ṣe débẹ̀ ò gùn. Mi ò tíì ní mọ́tò nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló wà níbi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé, mo wọlé, mo sì bá gbogbo ohun tí mo mọ̀ látilé níbẹ̀, Olúwa ṣàánú fún wa, Ògo fún Ọlọ́run lókè ọ̀run, Ìgbàgbọ́, Àsè Olúwa. Èdè ọ̀tọ̀, àmọ́ mo mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dìde àti ìgbà tó yẹ kéèyàn kúnlẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nílùú àjèjì rí máa mọ bí ìyẹn ṣe ń tuni lára tó.

Wọ́n kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù iwájú ọgbà pé tayọ̀tayọ̀ làwọn fi ń gba gbogbo èèyàn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ o. Kò sẹ́ni tó fojú burúkú wò mí, wọ́n á fà mí lọ síbi kọ́fí lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á bi mí nípa ìlú mi, wọ́n á bi mí bóyá òtútù ò mú mi jù. Àmọ́ ọdún ń gorí ọdún, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí. Kò sẹ́ni tó ní kí n wá ka Bíbélì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò sẹ́ni tó pè mí sípàdé owó, orúkọ mi ò sì tíì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni bó ṣe yẹ. Nílé wa, àlejò la máa ń fún ní àga tó dáa jù, òun la máa bu ẹran tó tóbi jù fún, àmọ́ a kì í sọ ibi tá a ń fi kọ́kọ́rọ́ sí fún un. Ibi tí mo wà nìyẹn, mo wà lórí àga tó dáa, mi ò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Kì í ṣe ìjọ tiwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. ELCA la wà lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn ìjọ Lutheran tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1988 nígbà tí ẹgbẹ́ mẹ́ta dara pọ̀ di ọ̀kan. Ìwádìí Pew tó jáde lọ́dún 2015 sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ìjọ ELCA, 96 ló jẹ́ aláwọ̀ funfun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn, mo ní háà, èmi nìkan kọ́ ló ń rò ó.

Ayẹyẹ ìjọ wa wá ń bọ̀. Pásítọ̀ wa ní kí n wà nínú kọ́mítì ìtàn. Mo mọ̀ pé ara ìdí tí wọ́n fi pè mí ni pé wọn ò fẹ́ kí gbogbo kọ́mítì jẹ́ àwọ̀ kan, mo sì gbà, torí mo rò ó pé ó sàn kí wọ́n pè mí fún ìyẹn ju kí wọ́n má pè mí rárá lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba fún ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn: ẹ gbà á. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe níbẹ̀ ló máa sọ bóyá fọ́tò lásán lẹ wà fún.

Àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ dáa. Màmá kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, inú ìjọ yẹn ni wọ́n bí i sí. Orúkọ ẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ẹnu mi ò gbà á, Màmá ni mò ń pè wọ́n. Arákùnrin kan náà wà tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, òun ló ní ẹ̀rọ tó ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà, òun àti ẹnì kejì ẹ̀, ọkùnrin bíi tiẹ̀, ni wọ́n máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ tiwọn.

Ìwé ìtàn ti tẹ́lẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n ní ká kàn fi kún un. Mo kà á. Orúkọ pásítọ̀ látorí ẹni àkọ́kọ́ títí dé orí ẹni tó wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n ra dùùrù, ọdún tí wọ́n fi gíláàsì aláwọ̀ sójú fèrèsé, ọdún tí wọ́n kúrò nílé àtijọ́ láàárín ìlú bọ́ sí ilé tuntun, pé torí àyè ò gbà wọ́n mọ́ ni. Ó dùn ún kà. Àmọ́ kò séèyàn kankan níbẹ̀ yàtọ̀ sí pásítọ̀. Èmi ni mo béèrè pé àwọn wo ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún nígbà yẹn, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, ta ni wọ́n sin. Màmá ní ó wà nínú rẹ́jísítà, àmọ́ Jámánì ni wọ́n fi kọ ti àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́.

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, màá sì sọ bá a ṣe ṣe é torí ó máa wúlò. Jámánì tó wà nínú àwọn rẹ́jísítà yẹn kì í ṣe èyí téèyàn máa fi Google kà, ìkọ̀wé àtijọ́ ni, Kurrent ni wọ́n ń pè é, e dà bíi n, h gùn bí igi. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a lọ síbi ìsìnkú ìjọ, a kọ orúkọ àti ọjọ́ tó wà lórí òkúta, a wá padà wá orúkọ yẹn nínú rẹ́jísítà, níbi tá a bá ti rí i a ti mọ lẹ́tà méje mẹ́jọ nìyẹn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì máa ń gbà kọ ìrìbọmi, orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìrìbọmi, òbí, àwọn tó dúró fún ọmọ, kò ní pẹ́ tójú á fi mọ́ ọn. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ má lo fúláàṣì, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú ìwé tó ya láéláé, ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiwa láyé àtijọ́ ti ba ojú ìwé tó pọ̀ jẹ́. Tó bá há, ibi kan wà ní Philadelphia tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ àwọn ìjọ Lutheran pa mọ́ sí, àwọn ibẹ̀ máa ń dá èèyàn lóhùn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, a rí i tí Jámánì dín kù nínú rẹ́jísítà, tí Gẹ̀ẹ́sì gba ipò ẹ̀. Màmá ló ṣàlàyé fún mi pé ìbẹ̀rù ni. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá sọ Jámánì lójú títì ní Amẹ́ríkà ń wá wàhálà, gómìnà Iowa tiẹ̀ pàṣẹ ní oṣù karùn-ún 1918 pé èdè tí kì í bá ṣe Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní gbangba, ní iléèwé, lórí fóònù, títí kan inú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá bàbá Màmá ń gbàdúrà ní Jámánì nínú ilé, tó bá délẹ̀kùn ó dákẹ́. Ó dùn mí fún wọn. Àwọn èèyàn yìí náà ti jẹ́ àlejò rí, wọ́n mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n máa wo èèyàn tìfura-tìfura. Mo fi í sọ́kàn, ó sì jẹ́ kí ohun tá a rí lẹ́yìn náà túbọ̀ le fún mi.

Kí n tó débẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn Lutheran aláwọ̀ dúdú, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi nìkan ni mo ṣìnà wọbẹ̀. Mi ò sùn lọ́jọ́ tí mo rí ti Aree van Guinea. Guinea ni wọ́n ń pe etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lápapọ̀ nígbà yẹn. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni, kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, òun àti ìyàwó ẹ̀ Jora jẹ́ ọmọ ìjọ Lutheran ní New York. Justus Falckner ni pásítọ̀ wọn, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ pásítọ̀ Lutheran lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Philadelphia, lọ́dún 1703. Ní 1705 ó ṣe ìrìbọmi fún ọmọbìnrin wọn, ó sì kọ àdúrà sábẹ́ ẹ̀ nínú rẹ́jísítà pé Ọlọ́run kì í ṣe ojúsàájú èèyàn, àti pé ẹni tó bá bẹ̀rù ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yòówù ni ó ń gbà. Lẹ́yìn náà Aree kó wá sí ìhà Raritan ní New Jersey, ilé ẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe ìsìn Lutheran lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1714. Àwọn ará Jámánì tó ti Palatinate wá, tí wọn ò tíì ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú ilé ọmọ Guinea ni wọ́n kóra jọ sí, ibẹ̀ ni Falckner ti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn. Ìjọ Zion ní Oldwick, èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ìjọ Lutheran New Jersey, láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ka ọjọ́ orí ẹ̀.

Mo kà á fún ìyàwó mi lóru yẹn. Ó ní ẹ̀n-ẹ́n, àwọn ni àlejò nígbà yẹn nìyẹn.

Mo tún rí Jehu Jones. Télọ̀ ni, ará Charleston ní South Carolina, ẹrú ni wọ́n bí i kí bàbá ẹ̀ tó rà á sómìnira. Ní 1832 wọ́n fi í jẹ pásítọ̀ Lutheran ní New York, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ kó lọ ṣiṣẹ́ ní Liberia. Nígbà tó padà sí Charleston, wọ́n tì í mọ́lé, torí òfin ibẹ̀ ni pé aláwọ̀ dúdú tó ní òmìnira tó bá ti jáde ò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ó wá bọ́ sí Philadelphia, ó dá ìjọ St. Paul's sílẹ̀ ní 1834, àwọn aláwọ̀ dúdú tálákà ló kó jọ, wọ́n kọ́lé ìsìn sí Quince Street. Owó tó kù tí wọ́n jẹ kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn ìjọ ńlá Lutheran tó yí wọn ká ní, àmọ́ kò sẹ́ni tó bá wọn san án, wọ́n gbé ilé náà tà ní 1839. Mo lọ wo ilé yẹn, ó ṣì dúró. Lónìí ELCA máa ń rántí Jehu Jones pẹ̀lú Falckner lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá lọ́dọọdún. Ó dáa kí wọ́n máa rántí ẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe dúró ní Quince Street yẹn, gbèsè ni mò ń rò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí tiwa. Lẹ́yìn rẹ́jísítà, àpótí mínítì ìgbìmọ̀ ìjọ ló kù. Òun lẹnikẹ́ni kì í fẹ́ kà torí pé ọ̀rọ̀ èédú, òrùlé àti owó iná ló kún inú ẹ̀. Àwa kà á. Nínú ti bíi 1950 sókè, lásìkò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń ti Gúúsù wá síṣẹ́ ní àwọn ìlú wa, tí àwọn aláwọ̀ funfun sì ń kó lọ sẹ́yìn odi, tọkọtaya kan láti Alabama mú ìwé wá láti ìjọ wọn kí tiwa lè gbà wọ́n. Lutheran ni wọ́n látilé. Ó lè yà yín lẹ́nu pé Lutheran aláwọ̀ dúdú wà ní Alabama: tíṣà kan tó ń jẹ́ Rosa Young ló dá iléèwé sílẹ̀ ní Rosebud ní 1912, nígbà tí kòkòrò ba òwú jẹ́ tówó ò sí mọ́, Booker T. Washington gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ̀wé sí àwọn Lutheran, wọ́n rán pásítọ̀ wá, láti 1916 lọ ni ìjọ àti iléèwé ti ń jáde káàkiri ibẹ̀. Ọmọ irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni tọkọtaya yìí. Ìwé wọn pé. Pásítọ̀ ibẹ̀ ti fọwọ́ sí i.

Mínítì sọ pé ìgbìmọ̀ jókòó lé e, wọ́n ní kí wọ́n dá ìwé náà padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n júwe ìjọ mìíràn fún wọn, nítorí àlàáfíà ìjọ. Orúkọ àwọn tó dá àbá àti àwọn tó kín in lẹ́yìn wà níbẹ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ọ̀rọ̀ kíkó kúrò láàárín ìlú fi bẹ̀rẹ̀, kò sì síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àyè há, ohun tí wọ́n kọ ni pé àdúgbò ń yí padà.

Màmá ló ń kà á sókè, ó dúró lójijì. Bàbá ẹ̀ wà lára àwọn tó kín in lẹ́yìn. Ó ní òun ti rò pé àwọn kan tí òun ò mọ̀ ló ṣe irú nǹkan báyìí, níbòmíì.

Ohun tá a ṣe tẹ̀ lé e ló dá wàhálà sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. A jiyàn lórí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn kan ní ká fi sílẹ̀, àwọn kan ní ká kọ ọ́ láì dárúkọ, a ò fẹnu kò, a wá ní ká kàn kà á fún ìjọ lẹ́yìn ìsìn kí wọ́n lè mọ̀. A kà á tòun ti orúkọ. A ò sọ fún àwọn ẹbí tọ́rọ̀ kàn ṣáájú. Ọmọ-ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tá a dárúkọ jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó dìde, ó jáde, kò padà wá mọ́ títí dòní. Òótọ́ ni ohun tá a kà, àmọ́ òun kọ́ ló ṣe é, kò sì yẹ kó jẹ́ iwájú gbogbo ayé la ti máa sọ fún un. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa, tóhun tó burú bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí, àgbà máa ń lọ bá èèyàn nínú yàrá ni. Èmi tó yẹ kí n rán kọ́mítì létí ìyẹn náà dákẹ́, torí inú ń bí mi.

Ìmeèlì bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ ba orúkọ òkú jẹ́. Ẹnì kan tí mo fẹ́ràn gan-an, tó ti gbé mi lọ ra nǹkan lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó ní mọ́tò, bi mí ní kọ̀rọ̀ pé kí ni wọ́n ṣe fún mi tó burú tí mo fi wá ń hú èyí jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ìyàwó mi ní ká wábì kan lọ, ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá pọ̀ ní New Jersey, kí ló dé tá a fi ń jìyà ohun tí kì í ṣe tiwa. Mi ò lọ fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè màá jókòó sílé, màá máa wo ìsìn lórí fóònù, ara mi ò ní balẹ̀.

Màmá ló pè mí. Kò bẹ̀ mí. Ó ní òun ti lọ síbi sàréè bàbá òun, òun sì ti sọ ohun tóun fẹ́ sọ fún un, ó ku àwọn èèyàn tó wà láàyè. Mo padà.

Pásítọ̀ wa ló wá ètò kan ṣe tó dáa, mo sì gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ohunkóhun síta. Ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀, èèyàn díẹ̀ díẹ̀, oúnjẹ wà lórí tábìlì, ẹni kọ̀ọ̀kan á sọ tiẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fèsì títí yóò fi parí. Wọ́n pe ẹnì kan láti ìta wá darí ẹ̀ kó má bàa jẹ́ pásítọ̀ ni wọ́n á máa dójú lé. A ka ìwé tí ELCA gbé jáde ní 2019 láti fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà àti ìran wọn lórí ọ̀rọ̀ ẹrú àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìwé yẹn dáa, àmọ́ ohun tó yí ọkàn àwọn kan padà ni ọ̀rọ̀ Charleston. Gbogbo wa la rántí pé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà 2015, wọ́n pa èèyàn mẹ́sàn-án níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Emanuel AME níbẹ̀, AME ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé ọmọ ìjọ ELCA ni ẹni tó pa wọ́n, àti pé méjì nínú àwọn tó kú, Clementa Pinckney àti Daniel Simmons, iléèwé pásítọ̀ Lutheran ni wọ́n ti kàwé. Àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé ó ti kọjá, kò sọ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Nínú ìpàdé yẹn náà lọ̀rọ̀ kejì ti jáde, òun ló wá kan èmi fúnra mi.

Àwọn kan ní tá a bá máa kọ ìtàn òtítọ́, ká kọ ìwé ìkíni káàbọ̀ òtítọ́ pẹ̀lú, ká dárúkọ àwọn tá a ń gbà. Ètò kan wà fún un láàárín àwọn Lutheran, Reconciling in Christ, láti 1984 ló ti wà, ìjọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á dìbò lé e, wọ́n á dárúkọ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, wọ́n á dárúkọ gbogbo ẹ̀yà. ELCA lápapọ̀ ti dìbò ní Minneapolis ní 2009, 559 sí 451, pé irú wọn tó bá wà pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo títí ayé lè ṣe pásítọ̀, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìjọ tí ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ ò bá gbà á. Ọ̀pọ̀ ìjọ fi ELCA sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Tiwa kàn dákẹ́ ni.

Ẹ mọ ibi tí mo ti wá. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa. Mo dìde nínú ìpàdé, mo ní mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni, àmọ́ ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ara ẹ̀ ni, ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, nítorí àlàáfíà ìjọ.

Arákùnrin tó ń ya ìwé wa sínú kọ̀ǹpútà ló fèsì nígbà tó kàn án. Kò pariwo. Ó ní òun ló ya mínítì yẹn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ẹ̀ lòún fojú rí, òun sì mọ ibi tí gbólóhùn tí mo sọ yẹn ti wá. Ó ní láti ọjọ́ tí òun àti ẹnì kejì òun ti ń bọ̀, ẹ̀yìn ni àwọn ń jókòó sí kí àwọn lè tètè jáde tẹ́nì kan bá sọ ohun tí ò dáa. Ó jókòó.

Mi ò lè sọ fún yín pé gbogbo ìbéèrè mi parí lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ bá pásítọ̀, mo ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹwàá lákàtúnkà, ibi tí Pétérù ti dé ilé Kọ̀nílíù, ibi tí Falckner ti mú àdúrà tó kọ fún ọmọ Aree. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ lórí fóònù, ó bínú, ó ní ṣé ìyẹn lo lọ kọ́ ní Amẹ́ríkà, a ò sọ̀rọ̀ fún àkókò kan. A ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, àmọ́ a kì í dé orí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò, mo dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò lè fi ọwọ́ kan bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún tọkọtaya Alabama, kí n fi ọwọ́ kejì tì í mọ́ ẹni tá a jọ ṣí àpótí.

Ó wọlé, kì í ṣe pé gbogbo èèyàn gbà. Àwọn kan lọ. Owó ìjọ wálẹ̀, a dín owó ọ̀pọ̀ nǹkan kù lọ́dún yẹn. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ yín mọ̀ ṣáájú pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, kó má di ohun tí wọ́n á fi máa dá ara wọn lẹ́bi lóṣù kẹta.

Ohun tó yí padà lẹ́yìn ìyẹn, ohun kékeré kékeré ni, àwọn gan-an ló sì dára jù lójú mi. Akọ̀wé ìjọ máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tuntun bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹ̀, ó ń kọ ọ́ síwájú orúkọ kí ẹni tó máa kà á lè pè é dáadáa. Ètò kíka Bíbélì ti di ti gbogbo èèyàn, wọn ò dúró de ẹni tó bá yọ̀ǹda ara ẹ̀ mọ́, torí àwọn tó ti mọ̀ ara wọn tipẹ́ nìkan ló máa ń yọ̀ǹda ara wọn. A yọ ìjókòó gígùn kan kúrò láàárín ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè jókòó pẹ̀lú ẹbí ẹ̀, tẹ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n máa ń gbé e sí. Mo ti wà nínú ìgbìmọ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé ìsìn wà lọ́wọ́ mi.

A wá tọkọtaya yẹn. Àwọn méjèèjì ti kú. Ọmọ-ọmọ wọn la rí, inú ìjọ AME ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà sí, torí ibẹ̀ ló gba ẹbí wọn. Pásítọ̀ àti Màmá ló lọ bá a, lọ́tẹ̀ yìí a ò pe èrò jọ. Ó gbọ́ ọ, ó ní ìyá àgbà òun máa ń kọ orin Lutheran nínú ilé ìdáná, òun ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Kò fẹ́ wá síbi ayẹyẹ. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè, pé ká kọ orúkọ wọn sínú rẹ́jísítà àwọn ọmọ ìjọ. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e, àwọn kan ní kò bófin mu láti kọ ẹni tí wọn ò gbà. A kọ ọ́ sí oṣù àti ọdún tí wọ́n mú ìwé wá gan-an, a wá ṣàlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé ìgbìmọ̀ ìgbà yẹn kọ̀ wọ́n, àti ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ tiwa kọ orúkọ wọn, kí ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọ̀la má rò pé wọ́n gbà wọ́n nígbà yẹn.

Ìwé ìtàn náà jáde. Orúkọ àwọn pásítọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n wà. Ojú ìwé Alabama wà láàárín, a dárúkọ tọkọtaya náà pẹ̀lú àṣẹ ọmọ-ọmọ wọn, a ò dárúkọ àwọn tó dìbò, àmọ́ a kọ ibi tí mínítì wà fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ẹ̀dà kan lọ sí Philadelphia, ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ bi akọ̀wé ìjọ yín níbi tí àpótí mínítì wà kẹ́ ẹ tó bi í ní fọ́tò àwọn pásítọ̀, tẹ́ ẹ bá sì rí orúkọ ẹnì kan níbẹ̀ tí ẹbí ẹ̀ ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ bá wọn nílé kí Sọ́ńdè tó pé.